Ohun Tí Agolo Ò Wí

Ní Grimsby, ìlú tí òórùn ẹja kì í bọ́ lára aṣọ,
mo gbé agolo sún mọ́ iná kíṣíìnì,
mo ń ka lẹ́tà tí kò tóbi ju iná orí lọ.
Aago mẹ́fà àárọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ alẹ́ dé,
yúnífọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn mi.
Skipper dùbúlẹ̀ sórí bàtà mi. Kò jẹun. Ọjọ́ kẹta rèé.

Kì í ṣe ológbò mi tẹ́lẹ̀.
Ti Maureen ni, aládùúgbò mi, tí òkun gba ọkọ rẹ̀.
Ọdún mẹ́sàn-án ló fi pè mí ní Lólà,
Mopélọ́lá wúwo jù lẹ́nu rẹ̀; mo dárí jì í.
Kó tó kú ló ní, "Lólà, bá mi fún un lóúnjẹ."

*Ẹran àti ohun tó ti ara ẹran wá.
Ẹja àti ohun tó ti ara ẹja wá, ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún.
Oríṣiríṣi ṣúgà.*
Ìdá mẹ́rin! Ẹja tí wọ́n yà síwájú agolo sì ń fò
bí ẹni pé odidi òkun ló wà nínú rẹ̀.

Ẹran wo?
Ìbéèrè mi kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ìyá mi, tó máa ń mú mi lọ sọ́dọ̀ alápatà ní Ìṣẹ́yìn,
kò gbọ́ "ohun tó ti ara ẹran wá" rí láyé rẹ̀.
Ìka ló máa ń nà: fùkù nìyí, ẹ̀dọ̀ nìyí,
ṣàkì, àbọ̀dí, bọ̀kọ́tọ̀,
títí dé awọ tí wọ́n fi iná bó: ó lórúkọ, ó lówó tirẹ̀.
Nítorí náà, ẹ má rò pé ìríra ló ń ṣe mí.
Ẹni tó ti fọ ìfun rí kì í sá fún ìfun.
Òkùnkùn ni mi ò fẹ́ bù sínú abọ́
fún ẹni tí kò lè bi mí pé kí ni mo bù.

Dókítà ẹran fọwọ́ tẹ ikùn Skipper.
"Kí ló ń jẹ?"
Mo ní mi ò mọ̀. Ojú tì mí.
Èmi tí mo ń pín oògùn fún arúgbó mẹ́rìnlá lálaalẹ́,
tí mo mọ ìwọ̀n hóró kọ̀ọ̀kan, tí mo ń fọwọ́ sí i.

Mo pe ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Ọkùnrin kan fara balẹ̀:
"Ìyáàfin, òfin gbà wọ́n láyè láti kó wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan.
Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè, ó yẹ kí wọ́n dáhùn.
Ẹ wo ẹ̀yìn agolo."
Nọ́ńbà ọ̀fẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, níbi tí bébà ti gun ara wọn.
Ẹ̀tọ́ mi ti ń gbé inú kọ́bọ́ọ̀dù mi láti ọjọ́ yìí,
èmi ni mò ń dà á sí bíìnì ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi orin dá mi dúró.
Ọmọbìnrin kan ní, "Ó máa ń yí padà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀."
Mo ní, "Ti agolo yìí ńkọ́?"
Mo ka nọ́ńbà ìdí rẹ̀ fún un, ẹyọ kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń ka owó fún ẹni tí kò gbà á gbọ́.
Ó mí kanlẹ̀. Ó gba ímeèlì mi.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni èsì dé:
fùkù màlúù, kíndìnrín ẹlẹ́dẹ̀, ọrùn adìyẹ.
Bóyá ohun tó ṣe é wà nínú rẹ̀, bóyá kò sí;
dókítà náà ò lè sọ.
Skipper ti ń lá omi adìyẹ díẹ̀díẹ̀.
Mo ka ìwé náà sí i létí. "Fùkù," mo wí.
Etí òsì rẹ̀ yí.

Agolo kan ṣì kù, èyí tí ẹja ń fò lára rẹ̀.
Mo wo ojú fèrèsé, níbi tí ẹyẹ òkun ti ń pariwo,
mo tún tẹ nọ́ńbà náà.
Ẹ káàárọ̀. Èmi náà ni.
Ẹja wo?